Ṣé ìwé àṣẹ apòògùn lè dá dúró lára ògiri láìsí apòògùn?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti tó ọdún 22 tí ìyá mi ti ń ṣe kẹ́mísì ní Àkóbọ̀, n'Ìbàdàn, ìwé àṣẹ wọn sì pé. Ní báyìí àdúgbò ti gbòòrò, àwọn oníbàárà ń béèrè oògùn tí kẹ́mísì kò gbọdọ̀ tà, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi sì fẹ́ sọ ṣọ́ọ̀bù náà di fámásì. Apòògùn kan sọ fún wa pé kí a máa san iye kan fún òun lọ́dọọdún, òun yóò gbé ìwé òun wá kí a fi kọ́ ara ògiri, àti pé ọjọ́ tí àwọn aṣàyẹ̀wò bá ń bọ̀ nìkan ni òun yóò máa yọjú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń ṣe é. Ṣé òótọ́ ni? Bí kì í bá sì ṣe òótọ́, ṣé kì í ṣe pé ìjọba kàn ń wá owó lọ́wọ́ wa ni? Èmi kì í ṣe apòògùn o, ìṣirò owó ni mo kọ́ nílé ìwé.

* * *

Apòògùn ni èmi tí mò ń dá yín lóhùn. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ń ṣe é. Kì í ṣe òótọ́ pé òfin gbà á. Àárín wa tí a wà nídìí iṣẹ́ yìí ní orúkọ tí a fi ń pè é, «Register and Go»: apòògùn a fi orúkọ sílẹ̀, a gba owó, a sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ṣe é ti fi orúkọ ara rẹ̀ sínú ewu ní iwájú ìgbìmọ̀ tí ó ń bá àwọn apòògùn wí, nítorí wọ́n lè dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé pátápátá. Ẹ̀yin tí ẹ ni ṣọ́ọ̀bù náà kò ní bọ́ níbẹ̀, nítorí ẹ̀yin ni wọn yóò ti ilẹ̀kùn mọ́.

PCN (Pharmacy Council of Nigeria) ni ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ológun kọkànléláàádọ́rùn-ún, ìyẹn Decree 91 ti ọdún 1992, ni ó dá a sílẹ̀ láti rọ́pò ìgbìmọ̀ àtijọ́ kan, òfin tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022 sì ti gba ipò rẹ̀. Òfin tuntun yìí yí orúkọ ìgbìmọ̀ náà padà kúrò ní ti àwọn apòògùn sí ti iṣẹ́ ìpòògùn fúnra rẹ̀. Àwọn kan sọ pé àyípadà orúkọ lásán ni. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tó ń sọ ni pé kì í ṣe àwa tí a kàwé rẹ̀ nìkan ni ìgbìmọ̀ náà ń ṣọ́, ibikíbi tí oògùn bá ti ń gba ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn ni, títí kan kẹ́mísì ìyá yín.

Ìwé àṣẹ méjì ni fámásì ń lò, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti ń ṣì í. Ọ̀kan jẹ́ ti apòògùn, pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́ lọ́dún yẹn. Èkejì jẹ́ ti ilé, pé wọ́n ti yẹ ibẹ̀ wò, wọ́n sì mọ apòògùn tó ń ṣe alábòójútó rẹ̀. Méjèèjì ni a ń tún gbà lọ́dọọdún, méjèèjì ni ó sì ń parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá. Ìwé ti ilé kò lè wà láìsí orúkọ apòògùn kan pàtó nínú rẹ̀, apòògùn kan kò sì lè jẹ́ alábòójútó fún ju ilé kan ṣoṣo lọ. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ bi ọkùnrin yẹn ni ibi tí ó ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́.

* * *

Mo ti ka èsì tí àwọn ènìyàn kọ sábẹ́ ìbéèrè yìí. Tí a bá gbọ̀n wọ́n, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni yóò jábọ́. Àwọn kan ní apòògùn kò tó, àwọn tó sì wà ń kọjá lọ sí òkè òkun, nítorí náà kí ni ẹni tó wà ní ìlú kékeré yóò ṣe? Àwọn kejì ní kò sí iyàtọ̀ nínú kí apòògùn wà níbẹ̀ tàbí kí ó má sí, torí ọmọ tó bá ti pẹ́ nídìí káńtà mọ oògùn ju ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ. Àwọn kẹta ní owó ni ìgbìmọ̀ ń wá.

Mo gbà pẹ̀lú àwọn àkọ́kọ́ dé ìwọ̀n àyè kan. Kí ènìyàn tó di apòògùn, yóò lo ọdún 5 ní yunifásítì, tàbí 6 níbi tí wọ́n ti ń gba oyè PharmD, yóò ṣe ọdún kan lábẹ́ àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, yóò yege nínú ìdánwò ìgbìmọ̀, yóò sì tún sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ fún ọdún kan. Ẹni tó ti la gbogbo èyí já kò ní gba owó oṣù tí kò tó nǹkan ní ìletò. Ìṣòro gidi ni. Àmọ́ Àkóbọ̀ kì í ṣe ìletò, Ìbàdàn sì ní ẹ̀ka ìpòògùn nínú yunifásítì tirẹ̀, Ifẹ̀ kò sì jìnnà.

Ti àwọn kejì ni mo fẹ́ dá lóhùn pẹ̀lú ohun tí ojú mi rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtìjú ni ó jẹ́ fún mi. Nígbà tí mo parí àgùnbánirọ̀, ẹnìkan fi irú owó yìí lọ̀ mí, mo sì gbà á. Ṣọ́ọ̀bù kan ní ìlú kékeré kan ni, mi ò sì dé ibẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ láàrin oṣù 8. Ní ọjọ́ kan ni wọ́n pè mí lórí fóònù. Ìyá àgbà kan tí ara ń yún ni ó wá ra chlorpheniramine, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí Piriton. Ọmọ tó wà nídìí káńtà, tó ti wà níbẹ̀ fún ọdún 6, nawọ́ sí chlorpropamide, oògùn àtọ̀gbẹ tí wọ́n ń lò nígbà náà, nítorí inú ìgò ńlá ni méjèèjì wà, ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn sì jọra. Ìyá náà lo mẹ́ta lóòjọ́ bí ẹni ń lo Piriton. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn já wálẹ̀ títí wọ́n fi dákú, Ọlọ́run ló sì bá wa ṣe é tí wọ́n tètè gbé wọn dé ilé-ìwòsàn tí wọ́n fi omi ṣúgà sí wọn lára. Wọ́n yè é.

Ọmọ yẹn kò ya ọ̀lẹ, kò sì ya òmùgọ̀. Ó mọ ibi tí gbogbo oògùn wà. Ohun tí kò mọ̀ ni ohun tí oògùn kọ̀ọ̀kan ń ṣe nínú ara, èyí tí ìbá mú kí ó béèrè, nígbà tó gbé ìgò náà, pé kí ni ìyá àgbà tí ara ń yún fẹ́ fi èyí ṣe. Orúkọ mi ló wà lára ògiri. Èmi ni àwọn mọ̀lẹ́bí ìyá náà ń béèrè, wọn kò sì ṣì wí. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo lọ yọ orúkọ mi.

* * *

Ẹnìkan béèrè pé: «Ṣé kí apòògùn má lè lọ jẹun ni? Ṣé kí ó má lè lọ sí ìsìnkú?»

Ìbéèrè tó dára ni, torí ibẹ̀ ni àríyànjiyàn gidi wà. Òfin fẹ́ kí apòògùn wà níbẹ̀ láti mójú tó pípo oògùn àti títà á. Kò sọ pé kí a so ó mọ́ káńtà. Bí a ti ń ṣe é níbi tí a bá ti ń ṣe é dáadáa ni pé, bí apòògùn bá jáde, kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù tí a kó àwọn oògùn olóró sí yóò bá a jáde. Ẹni tó bá wá ra bándéèjì tàbí parasẹtamọ́ọ̀lù yóò rà á, ẹni tó bá mú ìwé dókítà wá yóò jókòó dè é tàbí kí ó padà wá. Tẹkiníṣíànù ìpòògùn lè ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò lè gba ipò rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ máa ṣí láti aago 8 àárọ̀ di aago 10 alẹ́ ní ọjọ́ méje ọ̀sẹ̀, ẹ mọ̀ pé apòògùn kan kò lè gbé e. Méjì ni ẹ ó gbà, tàbí kí ẹ dín wákàtí yín kù. Èmi máa ń ti tèmi ní aago 7 alẹ́, àwọn aládùúgbò sì ti mọ̀.

Arákùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní fámásì ní Lọ́ńdọ̀nù ṣàlàyé pé láti oṣù Kẹwàá ọdún 2009 ni òfin tiwọn ti fẹ́ kí orúkọ apòògùn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ náà hàn sí gbogbo ènìyàn, kí ó sì máa kọ ìgbà tó dé àti ìgbà tó lọ sínú ìwé, àti pé kò gbọdọ̀ ju wákàtí 2 lọ nínú ọjọ́ kan tí kò ní sí níbẹ̀. Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Ìwé tiwọn ń sọ ẹni tó wà níbí lónìí. Ìwé tiwa ń sọ ẹni tó fọwọ́ síwèé lọ́dún yìí. Bí a bá lè fi pátákó kékeré kan kún un tí a óò máa kọ orúkọ ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ sí láràárọ̀, oníbàárà fúnra rẹ̀ ni yóò di aṣàyẹ̀wò.

* * *

Ní ti ọ̀nà tí ẹ óò gbà, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni sísan owó ṣọ́ọ̀bù. Ìgbìmọ̀ yóò kọ́kọ́ wá wo ibi tí ẹ fẹ́ lò, bóyá ó yẹ, kí ó tó kan pé ẹ ń kó pákó wọlé. Mo mọ tọkọtaya kan tó san owó ọdún 2 fún onílé, wọ́n kan ṣẹ́ẹ̀fù, wọ́n kun ọ̀dà, kí wọ́n tó pe àwọn aṣàyẹ̀wò, wọ́n sì ní ibẹ̀ kò dára. Onílé kò dá owó padà. Ẹ̀yin ní ṣọ́ọ̀bù tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní kí wọ́n má wá wò ó, nítorí ibi tó bá kẹ́mísì mu lè kéré fún fámásì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ìwé. Ẹ ó forúkọ okòwò sílẹ̀ ní CAC. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó jẹ́ ilé-iṣẹ́ alájọni, apòògùn gbọ́dọ̀ wà lára àwọn olùdarí rẹ̀. Lẹ́tà tí ẹ fi gbà á síṣẹ́, lẹ́tà tí òun náà fi gbà, ẹ̀rí pé ó ti fi ibi tó wà tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, àdéhùn tí ẹ jọ fọwọ́ sí, àti ìwé àṣẹ rẹ̀ fún ọdún náà, gbogbo wọn ni wọn yóò béèrè. Ẹ̀rí pé ó ti fi ibi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ yẹn ló ń dí ọ̀nà mọ́ irú ọkùnrin tó wá bá yín. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn, irọ́ ni yóò fi rí i gbà.

Ìgbà tí wọ́n bá wá ṣàyẹ̀wò ìkẹyìn, wọn yóò wo ibi tí a ti ń po oògùn, bóyá ó yà sọ́tọ̀ sí ibi tí oníbàárà ń dúró sí. Wọn yóò wo omi tó ń ṣàn, kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́, ìwé tí a ń kọ oògùn olóró tí a tà sí, àwọn ìwé atọ́nà, ẹ̀rọ amúlétutù àti fíríìjì. Àwọn kan níbí ti ń fi ọ̀rọ̀ fíríìjì ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní àwọn mọ ibi tí wọ́n ti ya fíríìjì aláta-rodo lò fún ọjọ́ àyẹ̀wò. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbí. Ínsúlíìnì tí a kò tíì ṣí gbọ́dọ̀ wà láàrin ìwọ̀n 2 sí 8 (Celsius) lórí ẹ̀rọ tó ń wọn òtútù. Bí ooru bá pa á ní ilé yín nítorí iná ọba tí kò sí, ó lè má yí àwọ̀ padà, ó lè má rùn, ìgò rẹ̀ sì lè mọ́ bíi tàná. Alátọ̀gbẹ tó rà á yóò gún un, ṣúgà rẹ̀ lè má wálẹ̀ bó ṣe yẹ, dókítà yóò sì fi kún ìwọ̀n oògùn rẹ̀. Nígbà tó bá wá ra èyí tó dára níbòmíràn, tó sì gún ìwọ̀n tuntun yẹn, ewu dé nìyẹn. Nítorí náà, kí ẹ tó ra fíríìjì, ẹ ti ṣètò iná tí yóò máa gbé e ní òru, yálà sólà tàbí ínfátà, kí ẹ sì máa kọ ìwọ̀n òtútù rẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, ẹ má ta ínsúlíìnì. Kò sí òfin tó ní dandan ni kí ẹ tà á.

* * *

Obìnrin kan tó ní kẹ́mísì bínú sí mi, ó ní mò ń fojú tín-ín-rín wọn. Rárá o. Ní ọ̀pọ̀ abúlé, kẹ́mísì ni ibi àkọ́kọ́ tí ìyá ń gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná lọ, bí kò bá sì sí, ìrìn wákàtí kan ni sí ilé-ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ rẹ̀ ní ibi tó mọ. Oògùn tí kò nílò ìwé dókítà ni, nínú páálí tí ilé-iṣẹ́ fi dì í. Kò gbọdọ̀ ka oníhóró láti inú agolo sínú ọ̀rá, kò gbọdọ̀ gún abẹ́rẹ́, kò gbọdọ̀ ta antibáyótíìkì, kò sì gbọdọ̀ kọ «fámásì» sí iwájú ṣọ́ọ̀bù. Òótọ́ ni pé ìgbìmọ̀ ti dán ètò kan wò ní Èkó àti Kàdúná tó pín àwọn oníkẹ́mísì sí ìpele mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ ìlera tí oníkálukú ní, kí àwọn tó ti kọ́ nípa rẹ̀ lè ṣe ju àwọn tí kò kọ́ lọ. Mo fara mọ́ ọn. Ó sàn ju kí a máa díbọ́n pé a kò mọ ohun tí wọ́n ń tà.

Ìwé àṣẹ kẹ́mísì kì í dàgbà di ti fámásì, bí ó ti wù kí ọdún rẹ̀ pọ̀ tó. Ìwé tuntun ni ẹ ó gbà láti ìbẹ̀rẹ̀.

* * *

«Gbogbo oògùn wa ló ní nọ́ḿbà NAFDAC, kí ló tún kù?»

Ọ̀tọ̀ ni NAFDAC, ọ̀tọ̀ ni PCN. NAFDAC, tí òfin 1993 fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ń wo oògùn. PCN ń wo ọwọ́ tó ń tà á àti ilé tó wà. Oògùn tó dára láti ọwọ́ ẹni tí kò yẹ, ẹ ti gbọ́ ohun tó ṣe fún ìyá àgbà yẹn. Nọ́ḿbà náà kò sì sọ ibi tí oògùn gbà dé ọ̀dọ̀ yín. Ó ti pẹ́ tí òfin ti ka títa oògùn ní gbangba ọjà sí ẹ̀ṣẹ̀, síbẹ̀ Ìdúmọ̀tà ni ọ̀pọ̀ fámásì tó ní ìwé ti ń ra ọjà títí NAFDAC fi ti ọjà oògùn ibẹ̀ pa ní oṣù Kejì ọdún 2025, pẹ̀lú ti Onitsha àti Aba. Nígbà náà ni ọ̀pọ̀ mọ̀ pé àwọn kò ní rìsíìtì kankan fún ìdajì ohun tó wà lórí ṣẹ́ẹ̀fù wọn. Ẹ máa ra lọ́wọ́ ẹni tó ní ìwé àṣẹ láti tà ní ọ̀pọ̀ fún àwọn ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì tó ní nọ́ḿbà ìdì oògùn nínú.

Ní ti àwọn tó sọ pé owó ni ìgbìmọ̀ ń wá, òótọ́ ni pé owó wà níbẹ̀, ó sì ń pọ̀ sí i. Ẹ̀dùn ọkàn tèmi kì í ṣe owó náà. Ó jẹ́ pé wọ́n máa ń wá wo fámásì tó wà lójú títì léraléra, nígbà tí àwọn tó wà nínú kọ̀rọ̀ ń ta trámádọ̀ọ̀lù láìsí ẹni tó yọjú sí wọn.

* * *

Ẹni tó béèrè ti padà wá. Ó ní àwọn bi ọkùnrin náà, ó sì jẹ́wọ́ pé òun ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn, ṣùgbọ́n òun lè máa wá ní ọjọ́ Sátidé. Ó wá béèrè pé kí ni kí àwọn ṣe pẹ̀lú owó tí àwọn ti kó jọ.

Ẹ jẹ́ kí ó máa lọ ní àlàáfíà. Ẹ wá ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àgùnbánirọ̀, tí kò ní owó láti ṣí tirẹ̀, kí ẹ sì fún un ní ìpín nínú okòwò náà lẹ́yìn owó oṣù. Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ẹni tí kì í ṣe apòògùn kò lè ni fámásì rárá; níbí, òfin gbà yín láàyè láti ní in, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ìpín níbẹ̀ ni yóò dúró. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé bí ó bá fẹ́ lọ, yóò sọ fún yín ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, nítorí ọjọ́ tí alábòójútó bá ti lọ, ìwé ilé náà ti di òfìfo, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi tó ìgbìmọ̀ létí. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì wọn n'Ìbàdàn, ẹ ní kí wọ́n wá wo ṣọ́ọ̀bù náà kí ẹ tó wó ògiri kankan.

Ohun kan kù tí ẹ kò béèrè. Ẹ ní kẹ́mísì ni Màmá ń ṣe fún ọdún 22, àwa náà kì í ṣe ọmọdé. Bí antibáyótíìkì bí ampiclox bá wà lẹ́yìn káńtà wọn, ẹ má kó o wọ inú fámásì tuntun náà. Kò ní rìsíìtì, kò sì sí ẹni tó mọ bí ooru ṣe pa á tó.